Bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ka àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú

Nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 èèyàn ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ ẹrú láti Áfíríkà sọdá òkun, bíi mílíọ̀nù 10.7 ló gúnlẹ̀ láàyè. Ta ló wá kà wọ́n? Inú SlaveVoyages ni iye yẹn ti jáde, àkójọ dátà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2008, ìrìnàjò tó wà nínú ẹ̀ lé ní 36,000, àwọn onímọ̀ ìtàn ló sì ń ṣe é, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ sósíà sáyẹ́ǹsì, ìyẹn àwọn tó ń ṣèwádìí nípa àwùjọ, ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbọ́n tí wọ́n ń lò.

Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni Herbert Klein, onímọ̀ ìtàn ará Amẹ́ríkà, àtàwọn míì ti ń sọ ìwé ọkọ̀ ẹrú di kóòdù tí ẹ̀rọ lè kà. Wọ́n á tú ìwé oníṣòwò àti ti èbúté palẹ̀, orúkọ ọkọ̀, ọdún, ibi tó ti gbéra, iye èèyàn tó kó, ìrìnàjò kan lórí ìlà kan, bí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣe máa ń ṣe. SPSS, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà tí wọ́n dìídì ṣe fún sósíà sáyẹ́ǹsì ní 1968, gan-an wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣí dátà yìí. Nígbà tó di 1999 wọ́n gbé ìrìnàjò 27,233 jáde lórí CD.

Ibi tí iṣẹ́ ti wá le ni ibi tí ìwé ò ti sọ nǹkan kan. Ká ní iye àwọn tó bọ́ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ, wọ́n á wo àwọn ọkọ̀ míì tó gbéra ní etíkun yẹn lásìkò yẹn, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń kú lójú omi, wọ́n á fìyẹn ṣírò iye tó wọ ọkọ̀. Àyè ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí o, wọn kì í pò ó mọ́ èyí tí ìwé sọ, èyí ṣe pàtàkì gan-an torí ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ mọ èwo ni àkọsílẹ̀, èwo ni ìṣirò. Mílíọ̀nù 12.5 yẹn fúnra ẹ̀, ìdíwọ̀n ni.

Orúkọ tún wà. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, wọ́n ń gba ọkọ̀ lójú omi, wọ́n wá ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Freetown ní Sierra Leone àti Havana ní Cuba, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti bí wọ́n ṣe ga tó. Ọ̀nà yẹn ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, gbà dé Freetown ní 1822. Akọ̀wé tí ò gbọ́ èdè wọn ló ń kọ orúkọ wọn bó ṣe dún létí ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò lè dá a mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé orúkọ tó lé ní 91,000 síta kí àwọn tó ń sọ èdè náà gbọ́ ọ kí wọ́n sọ ilẹ̀ tó ti wá. Tí wọ́n bá wá so orúkọ mọ́ èbúté, ìlú tí wọ́n ti kó èèyàn máa ń hàn, irú àwọn tí ogun Ọ̀yọ́ tú ká. Ṣùgbọ́n ọ̀rúndún 19 nìkan ni ìwé yẹn, ọkọ̀ tí wọ́n rí mú nìkan ló sì wà níbẹ̀, kò ṣeé fi ṣèdájọ́ àwọn tí wọ́n kó lọ ní àwọn ọdún 1700.