Ibi tí ẹ ti ra ọjà kọ́ ni ibi tí wọ́n ti bí i

Ìbéèrè kan náà ni àwọn oníbàárà ń gbé wá láti ọdún 2022, ohùn tí wọ́n fi ń bi í ló ń yàtọ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ pé Índíà àti Dùbáì ti pa owó ibodè rẹ́ láàárín ara wọn? Ẹ bá wa kó ọjà Índíà gba Dùbáì, kó lè wọ Èkó lọ́fẹ̀ẹ́." Wọ́n á tún fi fídíò ránṣẹ́ sí i, níbi tí ẹnì kan tó fi ṣéènì sọ́rùn ti ń ṣàlàyé àdéhùn tí kò tíì ka ojú ewé kan nínú rẹ̀. Àdéhùn wà lóòótọ́. Ọjà yín ni kò sí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2022 ni Índíà àti Àwọn Ẹ́mírétì Árábù Aṣọ̀kan (UAE) fọwọ́ sí i. Gbogbo wa la máa ń pe ibẹ̀ ní Dùbáì, bí ẹni pé Abu Dhabi àti àwọn márùn-ún yòókù kì í ṣe ìlú. CEPA lorúkọ àdéhùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Ọjọ́ 88 ni wọ́n fi jíròrò parí, èyí tó ya àwọn kan lẹ́nu, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ṣáájú ọdún 1966, rupee, orúkọ owó Índíà, ni wọ́n ń ná ní Dùbáì. Nígbà tí Modi, olórí ìjọba Índíà, lọ sí Abu Dhabi lọ́dún 2015, ọdún 34 ti kọjá tí olórí ìjọba Índíà kan ti débẹ̀ kẹ́yìn. Ọdún 2017 ni wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé àjọṣe jíjinlẹ̀ lórí ààbò, epo àti òwò. Lọ́dún 2018, epo rọ̀bì ADNOC, iléeṣẹ́ epo ìjọba Abu Dhabi, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ihò àpáta tí Índíà gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ní Mangaluru, kí epo lè wà nípamọ́ bí ogun bá dí ọ̀nà òkun. Ọ̀rọ̀ ọmọ ogun àti epo nìyẹn o, àwọn tó ń ṣe é mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ owó ibodè ni ẹ gbé wá.

UAE ń gba 5% lórí ọ̀pọ̀ ọjà tó bá ti òkèèrè wọlé. Òdiwọ̀n tí àwọn orílẹ̀-èdè Gulf jọ fi lélẹ̀ ni. CEPA mú 5% yìí kúrò lórí ohun tó lé ní 97% nínú oríṣi ọjà Índíà, àwọn kan lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé aṣọ tí wọ́n hun ní Surat, ìlú kan ní Índíà, dé èbúté Dùbáì, tí iye rẹ̀ pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti ìbánigbófò jẹ́ 100,000 dirham, owó UAE. Tẹ́lẹ̀, 5,000 ni owó ibodè. VAT (owó orí ọjà) 5% yóò wá gorí 105,000, ìyẹn 5,250. Àpapọ̀ jẹ́ 10,250. Lábẹ́ CEPA, owó ibodè di òfo, ṣùgbọ́n VAT kò lọ síbì kan: 5,000. Ohun tí ẹni tó kó o wọlé jèrè ni 5,250. Ẹni tó ń tà á fún àwọn ará Dùbáì ló ni èrè yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó o bọ̀ ní Èkó ńkọ́? Ọjà tó bá dúró sí Jebel Ali, èbúté ńlá Dùbáì, láti tún wọkọ̀ lọ síbòmíràn kì í san 5% yẹn tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, nítorí kò wọ ìlú. Owó tí wọn kì í gbà, kí ni wọ́n fẹ́ yọ níbẹ̀? Nígbà tó bá sì dé Apápá, ìdíwọ̀n ECOWAS ni wọn yóò gbé jáde, 0, 5, 10, 20 tàbí 35%, gẹ́gẹ́ bí HS code ọjà náà, nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbogbo ayé fi ń dá ọjà mọ̀, bá ṣe sọ. Nàìjíríà kò bá wọn tọwọ́ bọ CEPA yẹn. Aṣọ Surat tó gba Dùbáì wá àti èyí tó ti Mumbai wá tààrà, ìdíwọ̀n kan náà ni wọ́n jọ máa san. Ẹni tó yà sí Dùbáì ló fi owó ọkọ̀ kejì, owó ìkẹ́rùsí àti owó alágbàṣe kún tirẹ̀, àwọn yẹn náà sì wà nínú iye tí kọ́sítọ́ọ̀mù máa ṣírò lé lórí.

Gbogbo ohun tó wà nínú CEPA, orísun ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tó sùn mọ́jú l'Ékòó kò torí ẹ̀ di ọmọ Èkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà Ṣáínà tó lo oṣù mẹ́fà ní Jebel Ali kò di ọjà Dùbáì. Kí Índíà tó gbà pé UAE ló ni ọjà kan, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó hù tàbí tó jáde láti inú ilẹ̀ wọn pátápátá, bíi èso déètì, tàbí kí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i níbẹ̀ tó nǹkan. Bó ṣe gbọ́dọ̀ tó ní ìṣirò: fún ọ̀pọ̀ ọjà, 40% ni. Ẹ mú iye ọjà náà nígbà tó bá wọ ọkọ̀ tán, láìka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ yọ iye ohun èlò tí wọ́n kó wá láti òkèèrè kúrò, kí ẹ wá wo ìdá tí èyí tó kù jẹ́. Fáànù tó jẹ́ 100 dọ́là, tí mọ́tò àti abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ tó ti Ṣáínà wá jẹ́ 65, ó ku 35, kò yege. Bí ohun èlò yẹn bá jẹ́ 58, ó ku 42. Ó yege lórí ìyẹn. Mo ní "lórí ìyẹn" nítorí pé ọ̀pọ̀ ọjà tún gbọ́dọ̀ yí HS code padà: ohun tó wọ ilé iṣẹ́ àti ohun tó jáde kò gbọ́dọ̀ máa jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìwé. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí kò ka nǹkan kan, bó ti wù kí wọ́n ná lé wọn lórí tó: títú ọjà láti inú àpò ńlá sínú kékeré, lílẹ orúkọ mọ́ ọn, ṣíṣà á, fífọ̀ ọ́, fífi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń tàn yín pé òun á "sọ ọ́ di ti Dùbáì" pẹ̀lú páálí tuntun, páálí ló ń tà fún yín.

Ìwé orísun pẹ̀lú, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò máa ń lu lóǹtẹ̀, tó kàn ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà. Kò dín kọ́bọ̀ kù. Èkejì ni èyí tí CEPA mọ̀. Ní Dùbáì, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọrọ̀ ajé ló ń fún ni. Ní Índíà, àwọn àjọ tí ìjọba yàn ló ń fún ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń béèrè fún un, pẹ̀lú ìṣirò 40% tí mo ṣe lókè yìí. Ìwé àkọ́kọ́ ni àwọn ajẹ́nti orí WhatsApp ń tà bí èkejì. Wọ́n á ti lù ú lóǹtẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi àlàfo sí ibi tí orúkọ yín yẹ kó wà. Lórí CCVO, ìwé iye àti orísun ọjà tí ẹ máa fi ṣe ìwé nílé, ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà ni kí ẹ kọ sí ibi orísun. Bí ẹ bá kọ UAE, tí "Made in India" wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ẹ ti fọwọ́ ara yín da kọ̀nténà yín dúró, ojoojúmọ́ ni owó ìdúró á sì máa gorí ara wọn.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni mò ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ orúkọ àti orísun, kó wá wo ohun tí wọ́n fi wúrà ṣe.

Wúrà gbówó ibodè púpọ̀ ní Índíà: 15% láti oṣù Keje ọdún 2022 títí di oṣù Keje ọdún 2024, kí wọ́n tó já a wá sí 6%. Nínú CEPA, Índíà fi ọwọ́ líle mú un. Ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n yọ fún wúrà tó ń bọ̀ láti UAE, lórí ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti tọ́ọ̀nù 120 lọ́dún títí dé 200, fún àwọn tí ìjọba bá fún níwèé nìkan. Fún plátínọ́ọ̀mù, wọ́n gbà kí owó ibodè máa wálẹ̀ lọ́dọọdún títí á fi di òfo. Ó jọ pé kò sí ewu ńbẹ̀. Àbí mélòó ni plátínọ́ọ̀mù tí Índíà ń lò?

Nínú ìwé tí gbogbo ayé fi ń pín ọjà sọ́wọ̀ọ́, orí 71 ni wúrà, fàdákà àti plátínọ́ọ̀mù wà. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí àwọn irin yìí bá pò mọ́ra, tí plátínọ́ọ̀mù inú rẹ̀ bá ti tó 2%, plátínọ́ọ̀mù lorúkọ gbogbo rẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, igun ilé kan ṣoṣo ni ìwé yìí wò. Ẹ gbé kílò kan kalẹ̀: gíráàmù 20 plátínọ́ọ̀mù, gíráàmù 980 wúrà. Ó pọ́n fòò, bẹ́ẹ̀ funfun ni plátínọ́ọ̀mù. Ọmọdé tó bá rí i á ní wúrà ni. Ìwé ní plátínọ́ọ̀mù ni, owó kékeré ló sì san ní ibodè. Bó bá wọlé tán, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fi ásíìdì ya 20 yẹn sọ́tọ̀, 980 á di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó. Kò sí irọ́ kan lórí ínfọ́ìsì. Àwọn tó mọ ìwé ló ṣe é.

Nínú ìṣúná oṣù Kejì ọdún 2025, Índíà ya HS code ọ̀tọ̀ fún plátínọ́ọ̀mù tó mọ́ dé 99%, kí àǹfààní CEPA lè mọ síbẹ̀. Àwọn oníṣòwò yà sí palladium, rhodium àti iridium, àwọn irin olówó ńlá mìíràn tí wọ́n lè po wúrà mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ìjọba fi òfin de àwọn náà bí wúrà inú wọn bá ti lé ní 1%.

Ìwé orísun nìkan kò tó fún kọ́sítọ́ọ̀mù Índíà láti gbà yín gbọ́. Ká sòótọ́, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni òfin wọn ti ní kí ẹni tó ń kó ọjà wọlé fúnra rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, kó sì tọ́jú ìwé rẹ̀ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Bí wọ́n bá béèrè, "ajẹ́nti mi ló mọ̀ ọ́n" kì í ṣe ìdáhùn.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ CEPA, kó mú nǹkan mẹ́ta dání: HS code ọjà náà, ó kéré tán nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù tó tà á ní Deira, àdúgbò ọjà ní Dùbáì, àti ohun èlò inú rẹ̀, pẹ̀lú iye ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ti wá. Ẹ fi fídíò yẹn sílẹ̀ nílé.