Kí Là Ń Dá Lẹ́jọ́ Lára Sìgá Àfọwọ́wé?

Lóde ìyàwó ní Àgbádárìgì lóde òní, ó ti ń di àṣà kí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi sìgá gbọ̀ngbọ̀n sẹ́nu láti ya fọ́tò. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè pé báwo ló ṣe rí lẹ́nu, ẹ ó gbọ́ "ó le gan-an" tàbí "ojúlówó ni, láti Cuba ni wọ́n ti mú un wá". Kò sí ìdájọ́ nínú méjèèjì. Líle kì í ṣe àmì pé nǹkan dára, orúkọ tó wà lára òrùka bébà tí wọ́n fi yí sìgá lára kò sì lè tún sìgá tí ooru ti bà jẹ́ ṣe.

Sìgá tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní páálí ogún-ogún. Ìyẹn, tábà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni, tí ẹ̀rọ fi bébà wé. Sìgá àfọwọ́wé, tí òyìnbó ń pè ní cigar, kò ní bébà nínú rárá. Ewé tábà ni láti inú dé òde. Ewé inú wà, ewé ìdè tó so ó pọ̀ wà, ewé ìbora tí ojú ń rí sì wà. Nínú èyí tó níye lórí, ewé inú máa ń gùn láti orí sìgá dé ìdí rẹ̀. Nínú èyí tó pọ́ọ́kú, àgékù àti ìfọ́wẹ́wẹ́ ni wọ́n kó síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wóró tábà fi ń wọ ẹni tó ń fà á lẹ́nu, tí eérú rẹ̀ sì ń já sórí aṣọ kí ó tó gùn tó èékánná.

Bí ẹnu bá tọ́ sìgá yìí wò, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́ wò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ewé, ọwọ́ ẹni tó wé e, àti ibi tó sùn sí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dá lẹ́jọ́ ni ẹni tó lè tọ́ka sí èyí tó jẹ̀bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ìlú etí ọ̀sà tí òkun kò jìnnà sí bíi tiwa, ẹ̀kẹta ni èmi máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ewé. Ibi tí ewé wà lára igi tábà ló ń sọ iṣẹ́ tó máa ṣe. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní volado, kò lágbára púpọ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ń jó dáadáa. Àwọn ti àárín, seco, ló ń mú òórùn dídùn wá. Àwọn ti òkè, ligero, ni oòrùn pa jù: wọ́n nípọn, wọ́n lóróró, nikotíìnì inú wọn pọ̀, wọn kì í sì í tètè jó. Nítorí pé ligero ń lọ́ra ni ẹni tó ń wé sìgá fi máa ń fi í sí àárín gbùngbùn, kí iná lè máa jó déédéé láti òde wọ inú. Bí ó bá ṣì í gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ibẹ̀ kò ní jó bí èkejì.

Ṣùgbọ́n kí ewé tó dé ọwọ́ ẹni tó ń wé e, wọ́n á ti sá a nínú abà, wọ́n á ti kó o jọ ní òkìtì ńlá, wọ́n á sì fi sílẹ̀ kí ó gbóná fúnra rẹ̀. Nínú ooru òkìtì yìí ni ewé ti ń tú amóníà jáde, tí kíkorò rẹ̀ sì ń rọlẹ̀. Ewé dúdú tí wọ́n ń pè ní maduro ti pẹ́ nínú ooru yẹn ju àwọn yòókù lọ. Ó sì máa ń ní adùn díẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ le bí dúdú rẹ̀ ṣe ń dẹ́rù ba ènìyàn. Tí ẹ bá tan sìgá tí òórùn bí ìtọ̀ sì ń jáde lára rẹ̀, amóníà ni: ewé náà kò tíì gbó, wọ́n sáré tà á ni.

Ilẹ̀ tí ayé ń pọ́n lé jù fún tábà yìí ni Vuelta Abajo ní Pinar del Río, ìwọ̀ oòrùn Cuba. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti fi òfin de ọjà Cuba lọ́dún 1962, Dominican Republic, Nicaragua àti Honduras ti di àgbà nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ewé ìbora tó lókìkí jù lágbàáyé, ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa ni wọ́n ti ń gbìn ín: ewé Cameroon, tó tín-ín-rín, tó sì ń ta sánsán. Tábà tí àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń tà fún ilé iṣẹ́ ńkọ́? Ti sìgá oníbébà nìyẹn.

Ìlú yìí gan-an sì ti dá tábà lẹ́jọ́ rí. Láyé òwò ẹrú, tábà láti Bahia ní Brazil làwọn oníṣòwò ibẹ̀ máa ń kó wá sí etíkun wa. Èyí tó dára jù, Lisbon ní Portugal ló ń lọ; ìsọ̀rí kẹta, ewé tí wọ́n kọ̀, ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń fi omi ṣúgà ìrèké dúdú pa lára, tí wọ́n sì ń kó ránṣẹ́ síhìn-ín. Adùn àti òórùn omi ìrèké yẹn wá jẹ́ kí àwọn oníbàárà etíkun fẹ́ ẹ ju tábà mìíràn lọ, débi pé àwọn oníṣòwò Yúróòpù yòókù ń wá a kiri kí wọ́n lè rí nǹkan tà. Ìsọ̀rí ọ̀hún, ojú Lisbon ni wọ́n fi ṣe é. Ẹnu tibí ní ìdájọ́ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ nígbà yẹn ni kò ṣe é fi yangàn.

Nísinsìnyí, ọwọ́. Ẹ lè dá ọwọ́ lẹ́jọ́ kí ẹ tó ṣáná rárá. Ẹ wo ewé ìbora: kó mọ́, kí iṣan rẹ̀ má tóbi, kí òróró díẹ̀ máa dán lára rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yẹ kó rọ̀ díẹ̀, kó sì padà sípò. Ibi tó bá le bí òkúta, ewé ti kó jọ síbẹ̀. Ibi tó bá rì wọlé, ewé kò tó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gé orí rẹ̀ pẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ má gé kọjá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí yípo, nítorí bí ẹ bá gé e jù, ewé ìbora á tú. Ẹ wá fà á láìṣáná sí i. Fífà tútù yìí ni mo kà sí ìdánwò tó wúlò jù, àwọn ènìyàn sì ń fò ó. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé nígbà tí kò sí iná, kò ní wọlé nígbà tí iná bá dé. Bí ó sì ń wọlé fẹ́ẹ́ bí ẹni fa ọ̀pá òfìfo, á jó kíákíá, á gbóná, á sì korò.

Ìwọ̀n sísanra tí wọ́n ń kọ sára páálí ń rú ọ̀pọ̀ lójú. Wọ́n pín íǹṣì kan sí 64; nọ́mbà yẹn ń sọ iye tí sìgá gbà nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 50 fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 20. Robusto, tó wọ́pọ̀ jù, sábà máa ń jẹ́ íǹṣì márùn-ún ní gígùn àti 50 ní sísanra, ó sì ń gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan.

Ìṣáná onígi tàbí láítà gáàsì ni kí ẹ fi tàn án. Láítà elépo àti àbẹ́là máa ń fi òórùn tiwọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yá iná ná, kí iná má kan án tààrà, kí ẹ tó fà á. Fífà kan ní ìṣẹ́jú kan ti tó.

Ẹnu ni èéfín yìí mọ. A kì í gbé e mì bíi ti sìgá oníbébà. Èéfín rẹ̀ kò ní kíkan bíi tìyẹn, ìdí nìyẹn tí nikotíìnì fi ń gba ara ẹnu wọ ẹ̀jẹ̀ láìdé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá rò pé àìgbémì ti yọ òun nínú ewu ń tan ara rẹ̀ ni: sìgá yìí ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, òfin ìṣàkóso tábà ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà sì kà á léèwọ̀ láti ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn tó ń tọ́ ọ wò máa ń lò tí àwọn ará òde máa ń pò pọ̀. Agbára ni ohun tí nikotíìnì ń ṣe sí ara: orí a máa fò, òógùn a máa bọ̀, inú a máa ru. Kíki ni bí èéfín ṣe wúwo tó lórí ahọ́n, bí ògì tó ṣàn àti ògì tó ki kò ṣe rí bákan náà lẹ́nu bó tilẹ̀ jẹ́ àgbàdo kan náà ni. Adùn ni ohun tí ẹ rí tọ́ka sí nínú rẹ̀. Sìgá lè ki kó má lágbára. Ó lè lágbára kó má dùn rárá, èyí sì ni "ó le gan-an" tí ọkọ ìyàwó ń wí.

Kí ẹ tó lè rí adùn, ẹ jẹ́ kí èéfín díẹ̀ gba imú jáde. Imú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ahọ́n kò mọ̀ ju dídùn, kíkan, kíkorò, iyọ̀ àti adùn bíi ti omi ẹran lọ. Àwọn ìwé òyìnbó á ní kí ẹ wá adùn cherry àti igi oaku. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀pà yíyan, ataare, iyèré, kòkó sísá, àgbọn díndín, awọ tuntun, ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí: orúkọ tí imú yín mọ̀ láti kékeré ni kí ẹ fi pè é. Kí ẹ má sì ṣe é lẹ́yìn ọbẹ̀ ata tàbí súyà. Omi lásán ló bá a mu.

Wọ́n máa ń pín sìgá kan sí ìdá mẹ́ta, nítorí adùn rẹ̀ ń yí padà bí iná ṣe ń sún mọ́ ẹnu. Ìdá kìíní máa ń ta díẹ̀. Ìdá kejì ni èmi fi ń ṣe ìdájọ́. Ní ìparí, ooru àti ọ̀dà èéfín ti kó jọ, kódà èyí tó dára jù á korò. Ní ti eérú, ẹ má gbà pé funfun rẹ̀ ni àmì ojúlówó. Èròjà inú ilẹ̀ tó hu tábà náà ló ń fún un láwọ̀.

Àwọn tó ń fún sìgá ní máàkì, bíi ìwé ìròyìn Cigar Aficionado tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992, ń fi ìrísí, bó ṣe ń jó, adùn àti gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ṣírò dé orí 100. Wọ́n á ti yọ òrùka rẹ̀ kúrò kí ẹni tó ń tọ́ ọ wò má mọ orúkọ rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ètò wọn. Máàkì gíga tí wọ́n bá fún sìgá sì jẹ́ ti èyí tó sùn sí ibi tó yẹ.

Ibi tó yẹ ni ibi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bíi 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí ooru sì wà láàárín 18 sí 21°C. Létí ọ̀sà Àgbádárìgì, lásìkò òjò, ọ̀rinrin sábà máa ń kọjá 80. Ewé inú á wú, á dí ọ̀nà èéfín, ewé ìbora á sán, iná á máa kú, ẹnu á sì korò. A ó wá ní ilé iṣẹ́ Cuba ló yẹ̀gẹ̀rẹ̀. Kì í sì í pẹ́ kí ó tó bu. Ní òdìkejì, ẹ gbé e sẹ́yìn káńtà ilé ìtura tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, á gbẹ gbáú, á jó bí ewé àgbọn.

Kòkòrò tábà ló burú jù. Ẹyin rẹ̀ lè wà nínú ewé láti oko. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 24°C, ẹyin náà lè pa di kòkòrò. Ẹ mọ bí Àgbádárìgì ṣe ń gbóná. Bí ẹ bá rí ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ lára ewé ìbora, ẹ yà á sọ́tọ̀ kíá, kó má ran àwọn yòókù. Fíríìjì kì í ṣe àbò, nítorí á gbẹ ẹ́, òórùn ẹja á sì mọ́ ọn lára.

Àpótí kédárì tí wọ́n ń pè ní humidor lẹ́wà, ṣùgbọ́n èyí tí ìdérí rẹ̀ kò há, ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ike oníderí tó há dáadáa, pẹ̀lú páálí kékeré tó ń ṣàkóso ọ̀rinrin sí 65, nínú yàrá tó tutù jù nínú ilé, ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ àpótí olówó ńlá lọ.

Nítorí náà, ẹ ra méjì láti inú àpótí kan náà. Ẹ mu ọ̀kan lónìí, ẹ fi èkejì sínú ike fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí èkejì bá fà dáadáa níbi tí èkíní ti dí, ibi tó sùn sí lọ́dọ̀ ẹni tó tà á ló jẹ̀bi. Bí méjèèjì bá dí lójú kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ tó wé e. Bí wọ́n bá jó geere tí ẹnu yín kò sì gbà á, ẹ lè wá sọ láìbẹ̀rù pé ewé náà kò bá yín lára mu.