Òfin tó ń lé oníṣòwò ènìyàn dé òkèèrè: etídò wa ló ti ṣẹ̀

Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ òfin tí ìjọba kan fi ń bá ìjọba mìíràn wí nítorí òwò ènìyàn, Amẹ́ríkà ni gbogbo ẹnu ń dárúkọ, ọdún 2000. Èmi ò gbà. Àwọn kan ní àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì ṣe ní 1817 lórí fífòpin sí òwò ẹrú ni. Ìyẹn kẹ̀? £400,000 ni Gẹ̀ẹ́sì san kí Sípéènì tó gbà. Ọjà ni wọ́n ná.

Ibi tí Odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè, lẹ́sẹ̀ òkè àwa ará Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni ká lọ wò. Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gòkè odò wá. Àjàyí Crowther wà pẹ̀lú wọn, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú ní 1821. Nígbà tí wọ́n dé Ìdá ní September, Àtá Ígálà fárígá: ọba kì í wọkọ̀. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a láàfin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàdéhùn pé kò ní jẹ́ kí wọ́n kó ẹrú tà nílẹ̀ rẹ̀ mọ́, àwọn náà yóò sì máa bá a ṣòwò. Fi ẹrú sílẹ̀, ká dòwò pọ̀: kí ni tòde òní sọ jùyẹn lọ? Òótọ́ ni pé ibà lé wọn padà kọ́dún tó parí. Mo tiẹ̀ rò pé igbe àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń kó gba ojú odò náà kọjá ló kọ́kọ́ ta sí wọn létí. Ta ló tún wà nítòsí tó lè ké tó bẹ́ẹ̀?

Òkun yìí, ìkíni ni o, kì í ṣe omi. “Òkun o” là ń kí ara wa tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa, Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀. Ènìyàn ni Núpé ń gbà lọ́wọ́ wa bí ìṣákọ́lẹ̀. Ìyá bàbá mi ní Ìsánlú máa ń sọ pé nígbà tí àwọn èèyàn sá gun òkè, wọn kì í sin àkùkọ. Wọ́n á ti pa á jẹ, kó má baà kọ kó tú wọn fó.

Ní January 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, rìn láti Lọ́kọ́ja wá sí Kàbbà. Àwọn Núpé ará Bídà ti gbéra kí wọ́n tó dé. Nígbà tó di June, Goldie, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, kéde pé òfin ò mọ ẹrú mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. (Òwò tiẹ̀ náà ló ń wá, ká má tanra wa.)

Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n. Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tiwọn ní 28 October 2000: lọ́dọọdún wọ́n á máa to àwọn orílẹ̀-èdè sí ipele, èyí tó bá já sí ìsàlẹ̀ lè pàdánù ìrànwọ́. Àdéhùn Palermo, ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí òwò ènìyàn, tẹ̀lé e ní November ọdún náà. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 2003, NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti òwò ènìyàn, dé, wọ́n sì tún òfin náà kọ ní 2015.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wọ mọ́tò Lọ́kọ́ja, kó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi irin méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹrú tó bá ti gba àárín wọn kọjá, ó ti dòmìnira.