Yíyan Ìbọ̀wọ́ Alùpùpù fún Ìgbà Òjò

Ìbéèrè tí àwọn tó ń fi alùpùpù ṣiṣẹ́ máa ń bi mí jù nígbà òjò ni pé, irú ìbọ̀wọ́ wo ni omi kì í wọ̀? Ṣùgbọ́n ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni bóyá ìbọ̀wọ́ náà yóò ṣì wà lọ́wọ́ bí èèyàn bá ṣubú. Ẹni tó bá ń ṣubú yóò ti na ọwọ́ sílẹ̀ kí ó tó mọ̀. Bí títì bá sì di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí ara ṣì ń lọ síwájú, egungun ọrùn-ọwọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìbọ̀wọ́ gidi fi máa ń ní ike líle níbi ìdí àtẹ́lẹwọ́, kí ọwọ́ lè máa yọ̀ lọ lórí títì. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ de okùn ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn di orí àwọn ìka rẹ̀ mú kí ó fà á. Bí ó bá bọ́, ẹ má rà á.

Ẹ wo àmì inú rẹ̀ pẹ̀lú. EN 13594 ni ìlànà tí wọ́n fi ń dán ìbọ̀wọ́ alùpùpù wò ní Yúróòpù. Lára àmì náà, nọ́ńbà 2 ń sọ pé ààbò rẹ̀ lágbára ju ti 1 lọ, KP sì ń sọ pé wọ́n ti dán ààbò oríkèé ìka wò.

Ní ti omi, kì í ṣe awọ òde ló ń dá a dúró. Láàárín awọ òde àti aṣọ inú ni wọ́n máa ń fi ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí, bíi Gore-Tex, tí kì í jẹ́ kí òjò wọlé ṣùgbọ́n tó ń jẹ́ kí ooru òógùn jáde. Awọ òde lè rin gbingbin kí ọwọ́ ṣì gbẹ. Ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ ti móoru tí ó sì kún fún ọ̀rinrin, bíi Èkó nínú oṣù kẹfà, òógùn kì í tètè rí ọ̀nà jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn a sì rò pé ìbọ̀wọ́ àwọn ń jò. Bí gbogbo ọwọ́ bá tutù bákan náà, òógùn ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ orí ìka kan péré, ó ṣeé ṣe kí ojú rírán ibẹ̀ ti là.

Ìyẹn ni mo fi ń ṣọ́ra fún ọ̀pọ̀ ìbọ̀wọ́ tòkunbọ̀. Òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún, òwú inú rẹ̀ nípọn, ọwọ́ a máa làágùn nínú rẹ̀, ìka kò sì ní mọ ibi tí bíréèkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Èyí tí kò ní òwú ni kí ẹ yàn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jókòó sórí alùpùpù, ẹ di ọwọ́ bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹ wò ó bóyá ó ń fún orí ìka yín. Ẹ fi ọwọ́ tí omi mú rin díẹ̀ bọ́ ọ, nítorí tí aṣọ inú bá bá ọwọ́ jáde, kò ní ṣeé wọ̀ padà lójú ọ̀nà.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì tó lè wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò sábẹ́ ìbọ̀wọ́ aláwọ. Ẹ má fi rọ́bà tàbí ọ̀rá bò ó lókè, ọwọ́ lè yọ̀ kúrò lórí bíréèkì. Abẹ́ apá ẹ̀wù òjò ni kí ẹ ki ẹnu ìbọ̀wọ́ sí. Bí ó bá wà lókè, omi tó ń ṣàn láti èjìká yóò gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni fi àrọ rọ ọ́.

Bí ẹ bá délé, ẹ má sá a sí ẹ̀gbẹ́ iná tàbí sínú oòrùn gangan, kí awọ má baà gan kí ó sì sán. Ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, ẹ fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà bí ó bá ti ń rin.