Percy Metcalfe, ẹni tó ṣe orí ọba sára ṣílè

Percy Metcalfe jẹ́ oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń mọ ère, ìlú Wakefield ni wọ́n bí i sí ní 1895, ó sì kú ní 1970. Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ẹ̀pẹ́ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, àmọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ ti fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, torí orí Ọba George Kẹfà tó dé adé lára tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì tí wọ́n fi ń ra ẹja láyé òyìnbó, òun ló ṣe é. Ti owó oníhò yàtọ̀ o, ọ̀nínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ ò lórí ọba kankan, ihò ti gba àárín.

Leeds ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó lọ sí Royal College of Art ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1924 tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá ní Wembley, tí Nàìjíríà náà ní ààyè tiẹ̀ níbẹ̀, ó mọ kìnnìún alámọ̀ kan fún àfihàn ọ̀hún.

Owó Ireland ti 1928 ló gbé e jáde gan-an. Ìdíje ni wọ́n fi ṣe é, akéwì W. B. Yeats ni alága ìgbìmọ̀, Metcalfe ló sì gba gbogbo ẹ̀: ẹṣin, akọ màlúù, ajá ọdẹ, ehoro, adìyẹ àtàwọn ọmọ ẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀, ẹyẹ, àti ẹja salmon lára ṣílè méjì. Ẹja yẹn ò kúrò lára owó wọn títí euro fi wọlé ní 2002. Ẹni tó bá ti rí ère ẹja tí wọ́n gbé sí oríta Ẹ̀pẹ́ á mọ̀ pé kì í ṣe Ireland nìkan ló ń fi ẹja yangàn.

Iṣẹ́ ká máa ṣe àwòrán sára owó yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ, ère ńlá pẹlẹbẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi POP ṣe, ẹ̀rọ kan á wá máa tọ ojú ẹ̀ lọ, á sì máa gbẹ́ ẹ ní kékeré sára irin, tí imú ọba bá sì yọ jù, owó ọ̀hún ò ní ṣeé tò léra.

Owó ìrántí tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù ni ṣílè márùn-ún ti 1935, fún ọdún 25 George Karùn-ún lórí oyè. Saint George, ẹni mímọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbé gẹ̀gẹ̀, ló wà níbẹ̀ lórí ẹṣin, ó gan pa, làwọn èèyàn bá ń pè é ní ẹṣin ìṣeré ọmọdé. Metcalfe náà ló ṣe George Cross ní 1940, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà.

Nígbà tí Nàìjíríà ní owó tiẹ̀ ní 1959, orí Ọbabìnrin Elizabeth tí Cecil Thomas ṣe ló bọ́ sí ojú ṣílè.