Ẹ béèrè irú òkúta tó wà nísàlẹ̀ ilé yín kẹ́ ẹ tó gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù

Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, "Ẹ̀gbọ́n, a gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù, eruku ló ń jáde." Tí mo bá ní ta ló ṣe sọ́fè omi, ìyẹn àyẹ̀wò ibi tómi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, fún yín, wọ́n á ní bàbá kan ló gbé àgbọn lé àtẹ́lẹwọ́, ibi tí àgbọn ti dìde dúró ni wọ́n gbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́! Àgbọn ò mọ òkúta. Èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sọ́fè yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn gan-an, mi ò jẹ́ fojú lásán sọ ibi tómi wà.

Ẹ wo Ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan. Olúmọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, gíránáàtì ni. Òkúta tó yọ́ bí epo gbígbóná ni nígbà kan, ó wá tutù díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ìyẹn lẹ fi ń rí hóró hóró tó ń dán lára ẹ̀, àwọn hóró yẹn sì há mọ́ra wọn débi pé omi ò ráyè wọ̀. Ẹ wá lọ sí Ewékorò, kò jìnnà. Láìmísítóònù ni wọ́n ń wà níbẹ̀ fi ṣe símẹ́ǹtì, òun ò mọ iná rárá, ìsàlẹ̀ òkun ló ti wá, ìkarahun àti ẹrẹ̀ tó ń tò léra wọn lórí nígbà tí òkun bo ibẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á hó. Gíránáàtì ò ní mira. Tẹ́ ẹ bá wá sọ̀ kalẹ̀ dé Èkó, yanrìn àti amọ̀ ni, omi wà láàárín hóró yanrìn bíi kànìnkànìn tó mumi yó, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbẹ́ mẹ́ta mẹ́rin níbẹ̀ fi máa ń pe ara ẹ̀ ní ìńjìnnìà.

Nínú gíránáàtì, ibi tí òkúta ti jẹrà lókè àti ojú ibi tó ti sán nìkan lomi ń gbé. Ojú sísán yẹn lè má fẹ̀ ju ìka lọ, ẹ sún mítà 10 péré, ẹ ti wà lórí òkúta gbígbẹ. Ohun tá a ń ṣe nínú sọ́fè ni pé a ń kan irin mọ́lẹ̀, a fi iná mànàmáná ránṣẹ́ sínú ilẹ̀: òkúta tó gan á dènà iná, ibi tó sán tó lómi á jẹ́ kó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ti ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ ká jìn sí i, omi ń bọ̀", torí bẹ́ ẹ ṣe ń jìn lọ, ẹrù òkúta tó wà lókè ń tẹ àwọn ojú sísán yẹn pa ni.

Ohun tí wọ́n sọ fún tíṣà àgbà kan l'Ábẹ́òkúta nìyẹn o. Owó ìfẹ̀yìntì ló kó sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ mítà 120 fún un, eruku funfun lásán, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn, wọ́n lọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ tí mo ṣe sọ́fè, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló sán, mítà 38 la bá omi. Ṣùgbọ́n kọ́péráfíífù ni bàbá ti yáwó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò ṣẹ́ kù tí wọ́n á fi ra pọ́ǹpù. Omi wà nínú ilẹ̀ wọn báyìí, ìyàwó wọn ṣì ń ra omi mẹ́rúwà.