Bàbá tó bọ́ síta nígbà pẹ́nárítì

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 2024, bàbá kan tó jẹ́ ẹni ọdún 68 wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò lè ju ọdún 26 lọ, ló fi ọ̀kadà gbé e wá. Ohùn ọmọ náà ti há pátápátá, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó fà á. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà pàdé ní Bouaké, ìlú kan ní Côte d'Ivoire, ní sẹmi-fáínà ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, tó fi di pé pẹ́nárítì ló là wọ́n.

Mo so ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ bàbá lápá. Ó gbé 178 lórí 104 jáde, èyí tó ga gan-an. Mo fi ṣeré, mo so ó mọ́ ọmọ náà náà. 122 lórí 78.

"Bàbá, kí lẹ ṣe lálẹ́ àná?"

"Nọ́ọ̀sì, mi ò ṣe nǹkan kan o. Mo kàn jókòó ni. Mi ò tilẹ̀ la ẹnu."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, mà. Bọ́ọ̀lù kì í ká àwọn àgbà lára bó ṣe ń ká wa lára. Bí ẹni ń wo ìròyìn ni wọ́n ṣe máa ń wò ó."

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ẹ̀ka ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àṣìṣe tí ọmọ yìí ṣe, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ṣe é. Ariwo ni wọ́n fi ń wọn ìtara. Ẹni tó bá pariwo ni bọ́ọ̀lù wọ̀ lára, ẹni tó bá dákẹ́ ti gbé e kúrò lọ́kàn. Ohun tí mo rí lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi yàtọ̀. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, ìtara náà kì í sábà kúrò, ó kàn ń kó kúrò lẹ́nu lọ sínú àyà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀. Apá ibi tí ọpọlọ fi ń kó ara ẹni níjàánu, tó wà lẹ́yìn iwájú orí, kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi lé ní ogún ọdún dáadáa. Nítorí náà, bí góòlù bá wọlé, ohun tó kọ́kọ́ dé ọkàn ọmọ ogún ọdún ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀, yálà orin ni o, yálà èébú. Họ́mọ́nù náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 1994, nígbà tí Brazil àti Ítálì pàdé ní fáínà ife àgbáyé, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gba itọ́ ẹnu àwọn ọkùnrin tó ń wo bọ́ọ̀lù náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí. Testosterone, ìyẹn họ́mọ́nù ọkùnrin, gòkè lára àwọn tó wà lẹ́yìn Brazil, ti àwọn tó wà lẹ́yìn Ítálì wálẹ̀. Ẹ rántí pé orí ìjókòó ni gbogbo wọn wà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Èyí tó jọ mí lójú jù lọ ni ti Robert Cialdini, onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1976. Ó ṣàkíyèsí pé bí ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan bá borí lópin ọ̀sẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ a wọ aṣọ tó ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí wọ́n bá ń ròyìn ìgbà tí wọ́n borí, "àwa" ni wọ́n máa ń wí. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n pàdánù, ó di "àwọn". Ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní Mọ́kọ́lá tàbí Challenge lọ́jọ́ tí Arsenal bá gbá, ẹ óò gbọ́ ọ gan-an bó ṣe wí. "A nà wọ́n!" Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: "Wọn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, jàre." Ọ̀dọ́ tó ṣì ń wá ẹni tí òun jẹ́ kiri máa ń fi jẹ́sì ṣe ìdáhùn. Bí ẹgbẹ́ náà bá já a kulẹ̀, ó lè bọ́ jẹ́sì náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, kó sì sùn fọnfọn lóru.

Àwọn àgbà kò ní ibi tí wọ́n máa bọ́ tiwọn sí.

Lára bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ọdún 1952 ni wọ́n bí wọn, olólùfẹ́ Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, ni wọ́n, "Up Sooting" ni wọ́n sì fi ń kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn kí wọ́n tó sọ pé ẹ káàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ayé mú wọn pàdé Zamalek, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Íjíbítì, ọjọ́ orí wọn sì yàtọ̀ síra ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́dún 1976, Shooting lé Zamalek lọ sílé ní sẹmi-fáínà African Cup Winners' Cup, wọ́n sì lọ gba ife ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ Tonnerre ti Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Òun ni ife ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan máa gbà. Bàbá mi jẹ́ ọmọ ọdún 24 nígbà náà. Wọ́n ní láti Òkè-Àdó títí dé Bẹẹrẹ, ijó ni àwọn jó débẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì bá àwọn délé. Lọ́dún 1984, fáínà ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti tún pàdé. Zamalek jẹ méjì sí òdo ní Cairo, wọ́n tún wá jẹ ọ̀kan sí òdo ní Èkó. Ẹni ọdún 32 tó ti bímọ ni bàbá mi, wọ́n bá èrò lọ sí Surulere, wọ́n bá ẹni kan jà nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọn ò sì bá màmá mi sọ̀rọ̀ kan tó gún fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún méje ni mí, mo rò pé ẹnì kan ló kú.

Ìgbà kẹta ni 1996. Fáínà náà ni, pẹ́nárítì ló parí rẹ̀ ní Cairo, Zamalek ló sì tún gbé e lọ. Wọ́n ti di ẹni ọdún 44. Orí àga ni wọ́n jókòó sí, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Nígbà tó parí, wọ́n dìde, wọ́n ní "ó dàárọ̀ o," wọ́n wọlé. Èmi àti àwọn àbúrò mi wo ara wa. Àṣé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti kúrò lára bàbá wa! Ó di ọjọ́ kejì kí màmá mi tó sọ fún wa pé wọn ò fojú ba oorun, pé òógùn bò wọ́n bí ẹni tí ibà mú. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò níbi iṣẹ́ tí wọ́n fi bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára wọn. Mi ò ní parọ́ mọ́ Zamalek. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò kàn sí ẹni tó wọ̀n ọ́n ni.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín 1984 àti 1996? Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ìjákulẹ̀ ni àkísà olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Bí ọmọ ogún ọdún bá rí i tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún pẹ́nárítì, ẹyọ kan yẹn ló ń wò. Bàbá ẹni ọdún 68 ń wo gbogbo wọn pọ̀. Ó ń wo Roberto Baggio ti Ítálì tó dá góòlù wa padà ní ìṣẹ́jú 88 ní ife àgbáyé ọdún 1994, nígbà tí a ti ń palẹ̀ mọ́ fún àjọyọ̀. Ó ń wo pẹ́nárítì Victor Ikpeba ní fáínà ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Surulere lọ́dún 2000, èyí tó lu irin òkè, tó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, tí réfírì ní kò wọlé. Ó dákẹ́ nítorí ó mọ ọ̀nà mélòó ni ayọ̀ lè gbà bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ohun mìíràn tí mo sì ti kíyè sí lára àwọn àgbà ni pé wọn kì í yí "àwa" padà sí "àwọn" mọ́. "A ti bà á jẹ́" ni wọ́n máa ń wí. Ìjákulẹ̀ náà, tiwọn ni.

Ara tó ń gba gbogbo èyí kì í ṣe ara àná mọ́. Ẹ wo rọ́bà tí a fi ń fa omi: tuntun a máa wú, a sì máa sọ̀, omi ì báà yára tó bó ti wù. Èyí tí oòrùn ti pa fún ọdún mẹ́wàá ti le gbagidi, bí omi bá ya wọ inú rẹ̀ lójijì, ara rọ́bà náà ló máa gba gbogbo agbára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe ń le bí a ṣe ń dàgbà. Ọkàn ọmọ ọdún 26 lè sáré ju ti bàbá rẹ̀ lọ fíìfíì, òpó rẹ̀ á sì gbà á mọ́ra. Ti bàbá lè má sáré tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kí ìfúnpá gun òkè àjà.

Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Jámánì ka èyí ní agbègbè Munich nígbà ife àgbáyé ọdún 2006. Lọ́jọ́ tí Jámánì bá gbá bọ́ọ̀lù, iye àwọn tí wọ́n ń gbé wá nítorí ìṣòro ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ lójijì tó ìlọ́po 2.66 ti ọjọ́ lásán. Fún àwọn ọkùnrin, ó jẹ́ ìlọ́po 3.26, fún àwọn obìnrin 1.82, wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ló sì burú jù. Àwọn tí àìsàn ọkàn ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀ ló jìyà rẹ̀ jù. Ní England pẹ̀lú, nígbà tí Argentina fi pẹ́nárítì lé wọn nílé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ọdún 1998, àwọn tí ìkọlù ọkàn gbé dé ilé ìwòsàn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́jọ́ náà àti ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Tiwa ní Bouaké kò yàtọ̀. A ti jó, Osimhen ti jẹ ẹ kejì, kí wọ́n tó lọ wo fídíò, tí wọ́n fagi lé góòlù náà, tí wọ́n sì fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹ́nárítì nígbà tó kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù parí. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ara gun orí òkè, ó já bọ́. Àwọn ìwé ìròyìn jábọ̀ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà mélòó kan kú síbi tí wọ́n ti ń wò ó.

Àmọ́ ẹ má sáré lọ yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n bàbá yín. Mo ti rí ìdílé tó ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jí lọ wo bọ́ọ̀lù nílé ọ̀rẹ́, níbi tí kò sí ẹni tó mọ oògùn tó ń lò. Pàápàá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ ṣe ọ̀jọ̀jọ̀ ọmọ ní Èkó, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dín kù, bọ́ọ̀lù lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń pè é jáde. Lára irú wọn, ìtara náà a tún máa jó bí iná tuntun lẹ́ni ọdún 65. Tẹ́tẹ́ nìkan ni mo máa ń bá wọn jà lé lórí. Owó ìfẹ̀yìntì tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń sọ pẹ́nárítì kan di ìdájọ́.

Ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n lo oògùn àárọ̀ ọjọ́ bọ́ọ̀lù bíi ti ọjọ́ gbogbo. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn ṣe pọ̀ tó. Kí obì má pọ̀ lẹ́nu, kí ìgò má pọ̀ lórí tábìlì. Kí wọ́n má dá nìkan wò ó. Bí àyà bá ń di ènìyàn bí ẹni gbé òkúta lé e, tó ń fà lọ sí apá tàbí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí òógùn tútù ń bò ó, tàbí tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de àfikún àkókò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó dákẹ́ jù lọ nínú pálọ̀ ni kí ẹ máa yọjú wò.

Ó sì tún ní ohun tí àwọn àgbà mọ̀ tí àwa tó kọ́ iṣẹ́ náà níwèé kò fi kọ́ wọn. Laura Carstensen, onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ti ń wò ó pé ọjọ́ iwájú kò gùn mọ́, ohun tó máa mú ọkàn rẹ̀ fararọ ló máa ń yàn. Mo rí i lára àwọn bàbá tó ń béèrè èsì kí wọ́n tó jókòó wo àtúnwò. Àwọn ọmọ wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló kù níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló kù níbẹ̀. Ìdààmú nìkan ni wọ́n yọ kúrò.

Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 72 lọ́jọ́ Bouaké. Nígbà tó di pẹ́nárítì, wọ́n mú àpótí ìjókòó wọn, wọ́n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga lẹ́yìnkùlé, wọ́n kẹ̀yìn sí fèrèsé. Ọmọ mi fẹ́ lọ pè wọ́n, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Iheanacho gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, àdúgbò hó gèè. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọlé wá, àpótí lọ́wọ́.

"Mo ka ariwo mẹ́fà," ni wọ́n wí. "Mẹ́rin la jẹ, àbí? Gólì yín mú méjì."